Gidi Tiwa, Gidi Tiwọn

Ní Kàbà, bí ẹnìkan bá ní ọkọ̀ kan gidi ni, ohun tó ń sọ ni pé kì í dá èèyàn sójú ọ̀nà, pé ẹ̀yà rẹ̀ wà lọ́jà, pé mẹkáníìkì abẹ́ igi máńgòrò mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Peugeot 504 ni bàbá wa wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Ó fi kó iṣu láti Ìsánlú, ó fi kó wa lọ síléèwé. Bó bá kọṣẹ́, wọ́n á fi wáyà so nǹkan mọ́ nǹkan, ó di gbéra. Kò ní airbag, àpò tó ń wú lójijì láti gba èèyàn nígbà ìjàǹbá. Ta ló bèèrè?

Ní Houston, ní Texas, tí mo wà báyìí, gidi ní ìtumọ̀ mìíràn: bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ṣé ẹni inú rẹ̀ á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde? Ìtumọ̀ méjèèjì kì í sì í fi gbogbo ìgbà jọ rìn. Toyota Camry, tí ẹ ò lè bú níwájú ará Okun kankan, gba "poor", máàkì tó burú jù, ní oṣù Kejìlá 2012, nígbà tí IIHS, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Amẹ́ríkà, sọ igun iwájú rẹ̀ mọ́ nǹkan líle láti dán an wò. Ilé-iṣẹ́ náà tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kì í bàjẹ́ náà ni o.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo dé ni lẹ́tà. Mo ra àlòkù ọkọ̀ kan (n ò ní dárúkọ rẹ̀), kò pé oṣù mẹ́fà, lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: airbag rẹ léwu, gbé ọkọ̀ wá, a ó pààrọ̀ rẹ̀, o ò ní san kọ́bọ̀. Mo ní gbájú-ẹ̀ ni wọ́n. Ìkejì dé, ìkẹta dé, wọ́n tún wá ń pè mí lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo rà á ní tuntun.

Ọ̀rọ̀ airbag tí Takata, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan, ṣe ló gbòde nígbà náà. Ó wà nínú Honda, Toyota, Nissan, BMW àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Kẹ́míkà tó ń mú un wú, ammonium nitrate, máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a fínra fún ọdún gbọọrọ. Lọ́jọ́ ìjàǹbá, àgbá irin tó wà nínú ẹ̀ á bẹ́, irin á wá máa fò lu èèyàn lójú àti lọ́rùn. Ó lé ní mílíọ̀nù 60 irú rẹ̀ tí wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn ìpínlẹ̀ olóoru bíi Texas àti Florida ni wọ́n sì kọ́kọ́ dojú kọ.

Olóoru, ẹ gbọ́. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé Kàbà oṣù Kẹta tutù ju Houston lọ?

N ò sọ pé Texas pé tán. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2025, wọ́n ti fagi lé àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ aládàáni. Mẹkáníìkì ibẹ̀ á sì gbowó kó tó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ wò, nígbà tí tilé á wá bá ọ nílé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á jẹun, á gba owó ọtí.

Nígbà tí mo wálé ní oṣù Kejìlá, mo wọ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Kí a tó gbéra lọ sí Lọ́kọ́ja, mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: 2214. Ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Èyí tí a fẹ́ fi bá tírélà sìmẹ́ǹtì du ọ̀nà Obajana nìyẹn! Mo wá da nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, alámì mẹ́tàdínlógún tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kọ, mo tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, lórí fóònù. Ó jáde: airbag ti èrò tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ á ti máa lọ bá ẹni tó ni ín kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà, torí lẹ́tà ò bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbí mọ́."

"Ọkọ̀ yìí? Ọdún karùn-ún rè é, kò dá mi dúró rí!"

Mẹkáníìkì rẹ̀ ò tiẹ̀ jiyàn. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́. Màá fi fóòmù dí ihò rẹ̀, màá pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀." Ó ní àwọn mìíràn tiẹ̀ ń wọ̀lú pẹ̀lú ihò òfìfo, tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí padà.

Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọn ò ní ba dáṣíbọ́ọ̀dù òun jẹ́. Ó pààrọ̀ táyà méjì iwájú, méjì ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ látìgbà náà, ẹ̀yìn ni ìyàwó wọn ń jókòó, bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Àwọn ará àdúgbò ti ń béèrè lọ́wọ́ màmá wa bóyá wọ́n ń jà.