Odindi àwo lẹ máa kọ́kọ́ gbé: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tó fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ fídíò lóṣù yìí, ẹ kú oríire o. Ẹ ti mọ kámẹ́rà í dì mú, ẹ mọ fídíò í gé, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń to orúkọ ẹbí sísàlẹ̀ àwòrán. Mi ò ní dá yín dúró lórí ìyẹn. Iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń fojú kéré ni mo fẹ́ bá yín sọ: oníbàárà á mú àwo DVD àtijọ́ wá, á ní kẹ́ ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ fi orin sí i, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sórí àwo tuntun. “Ṣebí kẹ́ ẹ kàn kọ́pì ẹ̀ ni.” Gbólóhùn yẹn ti ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́, torí ọmọṣẹ́ gbà á gbọ́, ọ̀gá tó yẹ kó mọ̀ náà sì gbà á gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ mọ ohun tó wà nínú àwo. Fódà VIDEO_TS ni iṣẹ́ wà. Fáìlì VOB ló gbé àwòrán àti ohùn. IFO ló ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí apá kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, BUP sì ni ẹ̀dà IFO, bí ìyẹn bá bàjẹ́. VTS_01_0.VOB, tó bá wà, mẹ́nù ni, VTS_01_1.VOB ni ìnáwó gangan ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí VOB tó ń ju 1 GB lọ. Kì í ṣe pé ayẹyẹ ọ̀hún pín sí mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ṣètò DVD nìyẹn. Ibi tí VOB kan parí lè bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀, àní àárín àwòrán kan. Ẹni tó bá tò wọ́n sórí táìmláìnì lọ́kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ bí ohùn ṣe ń já níbi ìsopọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ fi MediaInfo, sọ́fíìtíwíà tó ń sọ irú fídíò tó wà nínú fáìlì, wo fáìlì kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun. Ètò tẹlifíṣọ̀n méjì ló wà, PAL àti NTSC. Àwo tí wọ́n ṣe nílé, PAL ló pọ̀ jù níbẹ̀: 720 lọ́nà 576, fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ẹ̀gbọ́n wọn mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà, NTSC ni: 720 lọ́nà 480, fírémù 29.97. Ẹ wo bóyá fífẹ̀ àwòrán sí gíga ẹ̀ jẹ́ 4:3 tàbí 16:9. Ẹni tó bá ṣì í ni ojú ìyàwó ń fẹ̀ bí ìgbá. Ẹ sì wo ètò ìlà rẹ̀. Fírémù DVD wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ ọ̀wọ́ ìlà méjì tí wọ́n hun pọ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. DVD PAL sábà máa ń fi ti òkè ṣíwájú, fídíò láti kámẹ́rà DV sì máa ń fi ti ìsàlẹ̀ ṣíwájú. Bẹ́ ẹ bá yí i po, ó lè má hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kó dé orí tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í náwó: ọwọ́ tó ń lẹ owó mọ́ iwájú orí á máa gbọ̀n síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló mú mi gbé kálàmù. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń wá. Ìsìnkú bàbá, ọdún 2007, àwo kan ṣoṣo, wọ́n fi báírò kọ orúkọ olóògbé sójú ẹ̀. Ìyá náà ti kú báyìí. Àwọn ọmọ ń múra ìrántí, àdúrà tí ìyá gbà fún wọn lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń wá, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Kò sí ẹ̀dà míì níbì kankan. Ẹni tó ya fídíò ti ya nǹkan míì lé téèpù ẹ̀ lórí.

Ọmọṣẹ́ ki àwo bọ dráìfù, ó fa VOB sórí kọ̀ǹpútà. Kò tíì dé ìdajì tí ìlà aláwọ̀ ewé fi dúró gbọn-in, dráìfù ń ké gírírí, gírírí, Windows wá gbé e jáde: cyclic redundancy check (CRC), ìyẹn ni pé dátà tó kà kò pé. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò lọ, ó yọ àwo, ó rí i pé nǹkan ti ha á, ó wá rántí ohun tó máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́. Ó bu ọṣẹ ìfọyín sí i, ó sì ń fi ìka ra á yípo yípo bí ẹni ń fọ abọ́.

Ibẹ̀ ni àdúrà ìyá ti lọ. Ohun tó ń ha nǹkan wà nínú ọṣẹ ìfọyín, òun ló fi ń fọ eyín. Bí nǹkan bá sì ha DVD láti àárín lọ sí etí, ẹ̀rọ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀, torí ìwọ̀nba díẹ̀ ló bà jẹ́ nínú ìlà dátà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ìlà rìn yípo ló ń pa á, torí dátà tó tẹ̀lé ara wọn ló ń kó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń nu àwo láti àárín bọ̀ sí etí, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ àti omi díẹ̀, láìyí ọwọ́ po.

Ọmọ yẹn wá wá sọ́fíìtíwíà tó ń fo ibi tó bàjẹ́. Ó fò ó lóòótọ́, fáìlì jáde, wọ́n dúpẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. 32 KB, 32 KB ni ẹ̀rọ fi ń tún àṣìṣe orí DVD ṣe. Ní 6 Mbps (mílíọ̀nù bíìtì mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹyọ kan tó nǹkan bíi fírémù kan, kò sì jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú MPEG-2, ọ̀nà tí DVD fi ń fún fídíò pọ̀, fírémù kan tó dá dúró ni àwọn tó tẹ̀lé e fi ń ṣe òpó, wọ́n sì lè tó 15 nínú ìdìpọ̀ kan lórí PAL. Bí òpó bá wó, gbogbo ìdìpọ̀ náà ló ń bàjẹ́, ó ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá lọ. Tí àwòrán bá wá sọnù tí ohùn ò sọnù ńkọ́? Fírémù 12 jẹ́ 0.48 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ ẹ́dítì tí kò wo àkókò tí wọ́n kọ sára fáìlì á kàn so ìyókù pọ̀, láti ibẹ̀ lọ àwòrán á máa ṣáájú ohùn. Ìyá ti pa ẹnu dé, “àṣẹ” ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.

Ó ní òun mọ àtúnṣe: ó fa ohùn síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ táìmláìnì. Àdúrà bá ẹnu mu, ìwàásù tó ṣáájú ò bá ẹnu mu mọ́. Ibi tí fírémù ti sọnù gan-an ló yẹ kó wá, kó gé ohùn níbẹ̀, kó sún ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ nìkan. Èyí tí ọṣẹ ìfọyín sì ti gbà lọ kò ní àtúnṣe kankan. Ìyá ń pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé orí ẹ̀kẹta, àwòrán fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àfọ́kù dígí, ohùn ń ta kán-ín kán-ín. Nígbà tó fi máa mọ́lẹ̀ padà, ó ti dé orí ẹ̀karùn-ún. Kí lẹ fẹ́ sọ fún ẹni tó jẹ́ ìkẹrin?

Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní fi pa mọ́. Kì í ṣe ọmọ yẹn ni mò ń bá wí. Ọ̀gá tó fi ọdún mẹ́ta rán an níṣẹ́ oúnjẹ àti epo jẹnẹrétọ̀, tí kò fi ọ̀sán kan ṣoṣo ṣàlàyé àwo fún un, òun ni mò ń bá wí.

Bó ṣe yẹ kó lọ rèé. Ẹ wo àwo lábẹ́ iná, ẹ nù ún bí mo ṣe wí, kẹ́ ẹ sì gbé odindi rẹ̀ bíi ISO kan ṣoṣo, ìyẹn fáìlì kan tó jẹ́ ẹ̀dà gbogbo àwo. Sọ́fíìtíwíà ImgBurn ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, “Create image file from disc” lẹ máa tẹ̀. Bí àwo bá ti gbó, ẹ fi ìyára 4x kà á. Ẹ ní ààyè 5 GB nílẹ̀ fún àwo onípele kan, 9 GB fún onípele méjì. (Àwo ayẹyẹ ni mò ń sọ o. Fíìmù tí wọ́n tì pa, iṣẹ́ olóníṣẹ́ ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó mú un wá.) Àwo kékeré inú kámẹ́rà, èyí tó jẹ́ 1.4 GB, bí wọn ò bá finalize ẹ̀, kọ̀ǹpútà lè ní òfìfo ni. Ẹ má gbà, ẹ má sì kọ nǹkan kan sí i. Kámẹ́rà tó kọ ọ́ ni kó parí ẹ̀.

Bó bá ké CRC, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ lọ sórí Linux, sọ́fíìtíwíà ddrescue tó ń kó dátà kúrò lórí àwo tó bàjẹ́ wà níbẹ̀:

ddrescue -n -b 2048 /dev/sr0 isinku.iso isinku.map

Ìyẹn á kó ibi tó rọrùn, á fi ibi tó le sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yọ -n kúrò, ẹ fi -d -r3 rọ́pò ẹ̀. Tó bá ṣì ku díẹ̀, ẹ gbé àwo lọ sínú dráìfù míì pẹ̀lú ISO àti map (fáìlì tó ń rántí ibi tó ti kà) kan náà. Lẹ́ńsì kan máa ń ka ohun tí èkejì ò rí, ibi tó ṣẹ́ kù nìkan ló sì máa wá lọ.

Láti orí ISO, sọ́fíìtíwíà MakeMKV á fún yín ní fáìlì fídíò MKV tí ohùn àti àwòrán ẹ̀ ṣì tò bó ṣe wà lórí àwo. Bó bá jẹ́ pé gígé nìkan ni, ẹ lo Avidemux ní copy, kẹ́ ẹ gé e lórí fírémù tó dá dúró yẹn. Àwòrán ò ní pàdánù nǹkan kan. Bí orin àti orúkọ bá máa wọ̀ ọ́, ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan péré sí ProRes, irú fídíò ńlá tó wà fún ẹ́dítì, fírémù 25 kó wà ní 25. Ẹ má gba inú MP4 kékeré kọjá.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ padà: 4.7 GB jẹ́ bíìtì bílíọ̀nù 37.6. Ìṣẹ́jú 120 jẹ́ 7,200 ìṣẹ́jú àáyá, ó bọ́ sí 5.2 Mbps fún gbogbo ẹ̀. Ẹ yọ 0.224 Mbps ti ohùn AC-3 kúrò, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mẹ́nù, kí àwòrán gba 4.8. Ti wákàtí kan, ẹ má kọjá 8. Òfin gbà tó 9.8, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú máa ń há lórí àwo tí a fọwọ́ ara wa kọ. Ohùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 48 kHz, 44.1 tó wá láti inú orin kò wọ DVD. Ẹ fi 8x kọ ọ́, ẹ mú Verify kó yẹ ohun tó kọ wò, kí ó sì jẹ́ orí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ dáa. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ìdajì, DVD-R yẹn ti lọ nìyẹn.

Àwo méjì ni kẹ́ ẹ fún oníbàárà, pẹ̀lú ISO lórí fláàṣì. Ẹ fọ́máàtì fláàṣì náà sí exFAT, torí FAT32 kì í gba fáìlì tó tó 4 GB. Àwo àtijọ́ wọn gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì pa ISO tiyín rẹ́ títí wọ́n á fi pè yín pé àwọn ti wò ó nílé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.