Ọdún 2025: a béèrè ìṣirò owó, a kò sì kúrò nínú Ìjọ

Inú Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, inú rẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí wọ́n ti sin mí. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí wa jù lọ lọ́dún yìí ni pé bí ìṣe Ìjọ kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a wá ibòmíràn lọ. Èmi àti àwọn tí a jọ ń béèrè àtúnṣe kò wá ibòmíràn. Ẹni tí òrùlé ilé bàbá rẹ̀ bá ń jò, àkàbà ló ń wá.

Ohun tó gba àkókò wa jù lọ ni òfin Ìjọ kíkà. Olùkọ́ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, oníṣòwò wà. Kò sí ẹnì kankan tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà. Òfin 212, nínú ìwé òfin tí wọ́n gbé jáde ní 1983, sọ pé ọmọ ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn lórí ohun tó kan ire Ìjọ, pé nígbà mìíràn ojúṣe rẹ̀ gan-an ni, bí ó bá ti ní ìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà tó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Òfin 537 ní kí gbogbo páríìṣì, ìyẹn ìjọ àdúgbò tí Fadá kan ń bójú tó, ní ìgbìmọ̀ ìnáwó. Kò sọ pé bí ó bá wu Fadá. Èyí tó wá jí mi lójú oorun ni 1287: àwọn tó ń bójú tó dúkìá Ìjọ gbọ́dọ̀ jíhìn fún àwọn ọmọ ìjọ lórí ohun tí àwọn ọmọ ìjọ fi tọrẹ, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ibẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a kọ lẹ́tà sí Fadá wa pé a fẹ́ mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, kì í ṣe ojú rere ni a ń tọrọ. A kọ nọ́ńbà òfin náà síbẹ̀, a fi ìwà ọmọlúàbí sọ ọ̀rọ̀ wa, a sì fọwọ́ sí i lórúkọ lórúkọ. Orúkọ tí a fi síbẹ̀ yẹn ló dun àwọn kan jù. Wọ́n ní a ń bá ẹni òróró Ọlọ́run jà. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ló dá wọn lóhùn: "Ọlọ́run ni mo fún lọ́rẹ. Ẹni tó ń bá mi gbé e lọ ni mo ń bi léèrè ọ̀nà tó gbà." N kò lè sọ ọ́ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Nígbà tó dé, wọ́n ka àpapọ̀ owó lẹ́yìn Mísà, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, wọn kò ṣàlàyé kankan. Mo dúpẹ́ fún un, kò sì tó. Àpapọ̀ owó kò sọ ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún, kò sì sọ iye tí wọ́n ń san fún àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé ìjọ kí a tó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ti àwọn yẹn ká mi lára ju ti ilé lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa máa ń bi mí bóyá irú ìpolongo báyìí ti so èso níbì kan rí. N kò fẹ́ fi irọ́ tù wọ́n nínú. Ní Ọ́sítríà lọ́dún 1995, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀sùn kan Kádínà Groër ti Vienna pé ó bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìṣekúṣe, àwọn ọmọ ìjọ gbé ìwé kiri, èèyàn tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù sì fọwọ́ sí i. Wọ́n fẹ́ lóhùn sí yíyan bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n fẹ́ kí obìnrin lè joyè àlùfáà, wọ́n fẹ́ kí àlùfáà lè gbéyàwó bó bá wù ú. Ọgbọ̀n ọdún rèé, kò tíì sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó di òfin. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Wir sind Kirche ("Àwa ni Ìjọ") ti hù, tó sì tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ní Boston lọ́dún 2002, ìròyìn nípa àwọn àlùfáà tó ba ọmọdé jẹ́, àti bí àwọn aláṣẹ ṣe ń gbé wọn láti páríìṣì kan lọ sí òmíràn, ló bí Voice of the Faithful ("Ohùn Àwọn Olóòótọ́"), ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ tó ń béèrè àtúnṣe. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan fòfin de ìpàdé wọn lórí ilẹ̀ ìjọ. Kí ọdún náà tó parí, Kádínà Law, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Boston, ti fi ipò sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n hùwà ìkà sí gan-an ló ru èyí tó wúwo jù nínú ìjà náà, pẹ̀lú àwọn oníròyìn àti ilé ẹjọ́. Ìgboyà tí mo rí nínú àwọn ọmọ ìjọ ni pé wọn kò fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan.

Ọdún yìí fúnra rẹ̀ mì wá. Póòpù Francis kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ọjọ́ kejì Àjíǹde. Òun ló pe Sínọ́ọ̀dù, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù, tí àwọn obìnrin ti dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2023, òun ló sì fọwọ́ sí ìwé tó jáde níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024, tó béèrè pé kí àwọn ìgbìmọ̀ tí ọmọ ìjọ ti ń lóhùn di dandan. Ẹ̀rù bà mí pé gbogbo rẹ̀ lè bá a wọ ibojì. Nígbà tí Póòpù Leo XIV yọjú sí èrò ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún, tó ní Ìjọ onísínọ́ọ̀dù, ìyẹn Ìjọ tó ń gbọ́ ohùn ara wọn, ni a fẹ́ jẹ́, Ìjọ tó ń rìn, ńṣe ni mo bú sẹ́kún.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, èsì ìgbìmọ̀ tí Kádínà Petrocchi darí lórí bóyá obìnrin lè di díákónì, oyè tó wà lábẹ́ ti àlùfáà, jáde: wọn kò lè fi obìnrin joyè náà báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò tíì sé ilẹ̀kùn náà pátápátá. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa ní katikísìmù, tó ń ṣètọ́jú aláìsàn, tó ń dúró ti òkú di òru, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi.

Àwọn dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń darí, yóò ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ Sínọ́ọ̀dù ní 2027, kí gbogbo Ìjọ tó pàdé ní Fátíkàn ní oṣù kẹwàá 2028. A kò ní dúró dìgbà yẹn. Lẹ́tà kejì ti wà nílẹ̀: a fẹ́ ìṣirò owó tó ní àlàyé, a sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ fi ìbò yan àwọn tó máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ páríìṣì. Orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, a ó sì gbé e fún Fadá ní oṣù kìn-ín-ní.