Gàrí Wú Mọ́ Mi Lẹ́yìn Lójú Ọ̀nà Santiago

Ìyá mi ló fà á, kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo pè é ní Ìjẹ̀bú-Òde pé èmi àti àǹtí mi fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibojì Jákọ́bù Mímọ́ ní Spéìn, kò bi mí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ó ní, "Kí lẹ ó máa jẹ?"

Mo ní, "Màámi, oúnjẹ wà níbẹ̀ dáadáa."

Ó ní, "Oúnjẹ òyìnbó." Bó ṣe pè é, ẹ ó rò pé orúkọ àìsàn ni.

Bí mo ṣe kúrò ní London nìyẹn, tèmi ti gàrí Ìjẹ̀bú kílò 3 nínú báàgì ẹ̀yìn mi. Àwọn tó ti rin ọ̀nà náà rí ti kìlọ̀ fún wa pé ẹrù èèyàn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Kílò 70 ni mí. Ẹrù mi yẹ kó jẹ́ 7. Ó jẹ́ 11. Yàtọ̀ sí gàrí, ẹ̀pà wà níbẹ̀, ṣúgà wà, áyọ́ọ̀nù kékeré sì wà, torí mi ò fẹ́ dé iwájú ẹni mímọ́ pẹ̀lú aṣọ rírún.

Kílò 5 péré ni ti àǹtí mi. Aṣọ méjì, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọṣẹ, Vaseline, abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó wo ẹrù mi ní pápákọ̀ òfurufú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ń kó kúrò ní London ni?"

Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Camino yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí èrò pọ̀ sí jù bẹ̀rẹ̀ láti St-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 780 kó tó dé Santiago de Compostela, ìlú tí ibojì náà wà. Ta ló fẹ́ fún wa ní oṣù kan gbáko níbi iṣẹ́? Sarria la ti bẹ̀rẹ̀, ó ku bíi kìlómítà 115, torí ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rin 100 yóò gba ìwé ẹ̀rí nígbà tó bá débẹ̀. Àmọ́ wọ́n máa yẹ ìwé òǹtẹ̀ rẹ wò, credencial ni wọ́n ń pè é. Òǹtẹ̀ méjì lóòjọ́, ó kéré tán: o lè gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, o lè gbà á nílé kọfí. Àǹtí mi fi tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ó so ó lọ́rùn bí ońdè. Èmi ti tèmi bọ inú báàgì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní dùn. Ọfà yẹ́lò ló ń júwe ọ̀nà: wọ́n kùn ún sára ògiri, sára igi, sára òkúta. Àlùfáà abúlé O Cebreiro kan, Elías Valiña, ló bẹ̀rẹ̀ kíkùn rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Mo ń ṣàdúrà fún ọkàn rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, àfi ìgbà tí a dé oríta kan tí màlúù ńlá dúró bo ọfà náà. A dúró. Màlúù dúró. Àǹtí mi kí i, "Ẹ kúùrọ̀ o." Ó tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó gbésẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Ferreiros ni òkúta tó ń sọ pé ó ku kìlómítà 100 wà. Gbogbo ayé ló ń ya fọ́tò níbẹ̀. Koríko tutù, mo bá bọ́ ìbòrí òjò ara báàgì mi, mo tẹ́ ẹ, mo jókòó lé e, mo ya fọ́tò, mo rẹ́rìn-ín, mo dìde. Ìbòrí kò bá mi dìde.

Òjò Galicia, agbègbè Spéìn tí à ń rìn yìí, kì í pariwo. Kò sí àrá, kò sí mànàmáná tí èèyàn á fi mọ̀ pé ó ń bọ̀. Á kàn máa rọ̀ wínníwínní bí ẹni ń yọ́ wọlé, ìgbà tó o bá máa fura, ó ti dé inú bàtà. Mo ní mo wọ aṣọ òjò, kí ló kàn mí? Ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi wákàtí méjì lẹ́yìn náà, báàgì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo fún okùn àyà, kò gbọ́. Mo fún ti ìbàdí, kò gbọ́. Mo sọ fún àǹtí mi pé ó dà bíi pé báàgì mi ń sanra. Ó ní àárẹ̀ ni.

Kí èèyàn tó wọ Portomarín, ó máa gba orí afárá gígùn kan kọjá odò Miño, àtẹ̀gùn òkúta tó ga fíofío sì máa pàdé rẹ̀ lódìkejì, bí ẹni pé ìlú náà ò fẹ́ àlejò. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni mo wà tí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi fi ń pariwo, "¡Leche! ¡Leche!" Wàrà ló ń wí, ó ń nawọ́ sí ìdí mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Omi funfun kan ń ti ìsàlẹ̀ báàgì ṣàn bọ̀ sí ṣòkòtò mi, ó ń kán tó, tó, tó sórí àtẹ̀gùn.

Àǹtí mi tọ́ ọ wò. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Omi gàrí ni."

Ilé ibùsùn àwọn arìnrìn-àjò, tí wọ́n ń pè ní albergue, ní òfin tirẹ̀: bàtà kì í wọ yàrá, aago mẹ́wàá alẹ́ ni iná ń kú. Kò sí èyí tó sọ nǹkan kan nípa gàrí. Mo gbé báàgì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo fa síìpù, síìpù kọ̀. Mo tún fà á. Ó ṣí díẹ̀, gàrí bá yọ orí síta bí èrò tí wọ́n há mọ́ inú dáńfó. Mo tì í padà, ó tún gba ibòmíràn yọ. Ó ti fa ọ̀rá tí mo dì í sí ya, ó ti wọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó ti wọ ihò áyọ́ọ̀nù, ó ti gbé ṣúgà mì. Aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí Máàsì ní Santiago ti di aṣọ onígàrí. Nígbà tí mo rí credencial mi, ó wà láàárín gàrí bí ẹran nínú búrẹ́dì.

Àǹtí mi jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Omi tó pọ̀ ju gàrí ni wọ́n ń pòwe fún wa láti kékeré. Èyí tí gàrí borí omi, òní ni mo máa rí i."

Obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà mú ìgbálẹ̀ dé, ó béèrè pé kí nìyẹn. Mo ní, "Comida," ìyẹn oúnjẹ. Ó wo gàrí, ó wo ìbọ̀sẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, ó wo mí. Ó ṣe àmì àgbélébùú.

A bu àárín rẹ̀ tí kò kan aṣọ, a bu ẹ̀pà sí i, a jẹ ẹ́. Mi ò ní tijú sọ ọ́. Ọmọ Kòríà kan tọ́ díẹ̀ wò, ó ní ó dára, ó sì wá ibùsùn tó jìnnà sí tiwa.

Ibi tí wàhálà ti kù ni ìbọ̀sẹ̀. Mo fọ̀ wọ́n lálẹ́, wọ́n gbẹ láàárọ̀, wọ́n le gbandi bí fìlà tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Mo wọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Kí a tó dé Palas de Rei, gìgísẹ̀ mi méjèèjì ti léròrò. Àǹtí mi fi Vaseline pa tirẹ̀ láràárọ̀ kó tó wọ ìbọ̀sẹ̀, kò ní ẹyọ kan. Ọ̀rá ìdalẹ̀nù ńlá ló tún tẹ́ sínú báàgì rẹ̀ kó tó kó ẹrù sí i, kò gbẹ́kẹ̀ lé ìbòrí òde. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ṣé o bi mí ni?"

Ọjọ́ kẹta, ní Melide, níbi tí a ti ń jẹ ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ (octopus) tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé sórí àwo pákó, tí wọ́n da òróró ólífì àti ata sí (ẹ má sọ fún Màámi), mo rí ọkọ̀ kan tí wọ́n ń kó báàgì sí. Mo ní kí nìyẹn. Àǹtí mi fọ̀kàn balẹ̀ gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó ní èèyàn lè san owó yúrò díẹ̀, wọ́n á bá a gbé ẹrù lọ síbi tó máa sùn. Láti Sarria ló ti mọ̀. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé Arzúa.

A sùn ní Arzúa, a sùn ní O Pedrouzo, a wọ Santiago lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún, mò ń tiro. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni níwèé ẹ̀rí, mo nawọ́ credencial mi sí obìnrin kan tó wọ awò. Ó fẹ́ ṣí i, ojú ìwé méjì lẹ̀ mọ́ra. Ó fi èékánná ya wọ́n, ọmọ gàrí kan ta sórí tábìlì. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ imú. Gàrí Ìjẹ̀bú tó ti kan fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀yin náà ẹ mọ òórùn rẹ̀.

Ojú obìnrin náà tú ká. Wàràkàṣì ni wọ́n fi mọ Arzúa káàkiri Galicia.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ah! ¿Queso de Arzúa?"

Mo ní, "Sí."

Ó lu òǹtẹ̀.