Lẹ́tà Méje Tó Dá Ayò Dúró

Nírọ̀lẹ́ òní, lẹ́bàá Ọjà Ọba nílùú Ìlọrin, ọmọkùnrin kan tẹjú mọ́ A, G, I, N, R, S, T lórí Scrabble, ayò tí wọ́n ti ń fi ègé lẹ́tà to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní òun ò rí ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó fà á ni pé ó fi lẹ́tà sílẹ̀ bó ṣe yọ wọ́n nínú àpò. Ojú tó bá ti mọ́ ìtò kan kì í tètè rí òmíràn.

Àǹtí tó jókòó tì í ní, "Àbúrò, yọ ING sápá ọ̀tún ná." Ó ku A, R, S, T. Ọmọ náà sáré to STAR mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: STARRING ń fẹ́ R méjì, ẹyọ kan ló sì ní. STARE ló ń sọ E nù tó fi ń di STARING. Ẹ gbé S sẹ́yìn, RATINGS dé. Ẹ fi G ṣáájú, GRATINS nìyẹn. Bí méjèèje bá bọ́ sórí pátákó lẹ́ẹ̀kan náà, èènì 50 máàkì ni!

Q náà ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, wọ́n rò pé kò wúlò láìsí U. QI wà, QAT wà. FAQIR àti QADI wà pẹ̀lú, ẹni tó lọ ilé kéwú á mọ̀ pé inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá. Ẹ má di Q mú títí ayò á fi parí o, 10 máàkì ni wọ́n á yọ lára tiyín.

S mẹ́rin péré ló wà nínú ègé 100. Ẹ má ná an torí máàkì méjì.