Ọpọ́n Ayò ní Bàrígà, Ọpọ́n Ayò ní Leeds

Ọpọ́n ayò àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́, mi ò gbẹ́ ẹ láti tà. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, ooru sì lé gbogbo wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a ń gbé ní Bàrígà. Pákó kan tó jẹ́ igi apá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, èyí tó ṣẹ́kù lára tábìlì tí káfíńtà kan bá wa kàn. Mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ mi rí nǹkan ṣe ni. Sátidé mẹ́ta ló gbà mí. Ihò 12, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, kò sì sí méjì tó jinlẹ̀ bákan náà nínú wọn. Bí mo ṣe da ọmọ ayò 48 sí i, mẹ́rin mẹ́rin, ìyá tó ń ta fùfú lójúde wa yọjú, ó ní, "Bàbá Ìbejì, èló lẹ fẹ́ tà á?"

Láti ọjọ́ tí a ti dé Leeds, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò tíì sẹ́ni tó yọjú bi mí bẹ́ẹ̀.

Ní Èkó, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ di òwò, àwọn èèyàn ni. Iṣẹ́ oṣù ni mò ń ṣe ní Marina nígbà náà. Ẹni tó bá mọ Bàrígà mọ̀ pé Afárá Third Mainland kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n afárá oníkìlómítà 11.8 yẹn, èèyàn lè lo wákàtí méjì lórí rẹ̀ bí ọkọ̀ kan bá kú sójú ọ̀nà. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde, àwọn ọmọ ṣì ń sùn. Kí n tó padà dé, wọ́n á ti tún sùn. Láti ojú fèrèsé dánfó ni mo ti ń wo Oko Baba, ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú lápá Ẹ̀búté Mẹ́ta, èéfín, òkìtì ìyẹ̀fun pákó, àti gẹdú tí wọ́n so pọ̀ tó ń léfòó lójú ọ̀sà.

Ibẹ̀ ni mo wá ń ra igi nígbà tó yá. Mi ò tíì rí iléèwé tó dà bí Oko Baba. Ẹ ṣáà wọlé, ẹ ní ẹ ń wá igi tí ẹ máa fi gbẹ́ ọpọ́n ayò, ọmọkùnrin mẹ́ta á ti yí yín ká. Ọ̀kan á ní kò sí bí ìrókò. Èkejì á ní irọ́ ni, kí ẹ mú igi ọmọ, ṣé ẹ ò rí i pé òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù? Ẹ̀kẹta ò ní sọ nǹkan kan, yóò ti máa fi èékánná họ pákó apá kí ẹ lè rí àwọ̀ inú rẹ̀. Ẹ ò ní san owó ẹ̀kọ́. Ẹni tó ni ẹ̀rọ á bá yín là á lójú ẹsẹ̀, ẹ ó fún un ní owó omi, ó parí.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí ìmọ́tótó àyíká ṣì wà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn láàárín aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Bí a bá ti kó gọ́tà tán, mo ní wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni ò lè rán mi níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fagi lé e ní 2016, inú gbogbo Èkó dùn. Mi ò rò pé ẹlòmíì wà tó bá mi kẹ́dùn.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ojú ẹni tó ń rà ni mo ń wò kí n tó dá iye. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ san náírà 10,000. Ọmọ ìjọ wa kan san 6,000 pẹ̀lú àdúrà. Onílé wa ò san kọ́bọ̀; ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì," ó gbé ọpọ́n wọlé, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kò fi nǹkan kan kún owó ilé wa. Ṣé mo jèrè àbí mo jẹ gbèsè? Mi ò tíì ṣírò rẹ̀ já títí di òní. Àwọn kan tún wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wọ́n ní kí n san owó ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ni mo jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n kan sì wà lọ́nà Ladi-Lak tó gba ọpọ́n méjì lọ́wọ́ mi ní 2019, nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó san ti ẹyọ kan. Mo lọ bá a nílé nítorí èkejì. Ó gbé mọ́ltì tútù fún mi, ó béèrè àlàáfíà ìbejì, ó tún sìn mí dé ìdúró ọkọ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé owó ni mo lọ gbà.

A dé Leeds ní 2022. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ rẹ̀ ló gba físà, èmi àti àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé e. Òun ló wá ń jáde nídàájí báyìí. Èmi ń ṣe iṣẹ́ òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ilé ìkẹ́rù kan, bó bá sì di aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sàn-án, ẹnu géètì iléèwé ni mo wà. Ní Bàrígà, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ìbejì ló ń mú wọn bọ̀ wálé. Níhìn-ín, bí mo bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á pè mí lórí fóònù.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nípa físà yẹn. Ẹni tí iṣẹ́ gbé wá gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ olóye kò gbọ́dọ̀ dá òwò ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ tàbí aya tó bá a wá, ó lè dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì mọ aṣọ ọmọdé rán dáadáa, kò sì lè ta ẹyọ kan. Èmi tí mo so mọ́ ọn lẹ́yìn bí ìdìpọ̀ ẹrù, mo lè ta ọpọ́n dọ́ba. Ó bí i nínú, mi ò sì bá a jiyàn.

Igi ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Mo rò pé màá máa gbé apá bọ̀ láti Èkó, àfi bí mo ṣe kà á pé apá àti ọ̀gánwó wà lára igi tí ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko tó lè run, fi sábẹ́ ìṣọ́ ní 2022. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dì sáàárín ẹ̀gúsí. Níwájú ilé tí wọ́n ń tún ṣe, àpótí irin ńlá kan wà tí wọ́n ń da pákó àtijọ́ sí. Mo ti na ọwọ́, Táyé fà mí láṣọ, ó ní, "Dádì, ẹ kọ́kọ́ béèrè." Mo béèrè. Ọkùnrin tó ni ín bá mi gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Igi oak ni, àjẹkù tábìlì ìdáná, ó tín-ín-rín, àfi kí n lẹ méjì pọ̀.

Leeds kún fún ilé tí ẹ̀yìn ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èkejì, irú rẹ̀ ni a háyà, kò sí ẹ̀yìnkùlé. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó èédú sí láyé àtijọ́ ni mo sọ di ṣọ́ọ̀bù. Gọ́ọ̀mù tí oòrùn Bàrígà á ti gbẹ kí n tó jẹun tán, ọjọ́ méjì ló ń lò níbẹ̀ nígbà òtútù. Ní oṣù Kejìlá, kì í tó aago mẹ́rin tí oòrùn fi ń wọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fi sáńpépà ha inú ihò, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí tirẹ̀ dán jù. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń bá mi ha á ní Bàrígà, bọ̀ọ̀lì lowó iṣẹ́ wọn. Táyé ń gba àádọ́ta pẹ́nì lórí ọpọ́n kan, ó sì ń béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ.

Ìyá àgbà kan ló múlé tì wá. Òòlù mi dí i lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò kanlẹ̀kùn. Ìwé ló kọ tó tì gba abẹ́ ilẹ̀kùn: ṣé mo lè dáwọ́ dúró lẹ́yìn aago méje? Mo kọ ìwé tèmi, mo bẹ̀bẹ̀. Ìyá oní-fùfú ì bá ti pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Bàbá Ìbejì, pósí ta ni ẹ̀ ń kàn lóru?" kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, á ti gbé àpótí rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń mì wá kí n bá a tún un ṣe. Èmi àti ìyá àgbà yìí ti kọ ìwé mẹ́rin síra wa. Mi ò tíì mọ ohùn rẹ̀.

Mo gbẹ́ dánfó kékeré kan fún Kẹ́hìndé, mo kùn ún ní yẹ́lò, mo fa ìlà dúdú méjì sí i. Àwọn òbí lẹ́nu géètì ní àwọn fẹ́ rà. Mo wádìí: ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 ní àyẹ̀wò àti àmì tí òfin ní kó ní kó tó dọ́jà. Ní Bàrígà, ǹ bá ti ta ogún. Mo fi dánfó sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, mo dúró ti ọpọ́n ayò, mo sì kọ ọ́ sí i pé àgbà ni mo ṣe é fún.

Iye tí màá máa tà á ni mo lọ wò ní ọjà Kirkgate. Ibẹ̀ ni Michael Marks, àjèjì tó wá láti ìlà oòrùn Yúróòpù, ti tẹ́ ọjà ní 1884, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìtajà ńlá Marks & Spencer. Ó kọ ọ́ sára àtẹ pé kí ẹnikẹ́ni má bèèrè iye, pẹ́nì kan ni. Ẹ gbé irú àkọlé bẹ́ẹ̀ lọ sí Òjúwòyè ní Muṣin! Wọ́n á ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì ní pẹ́nì kan."

Pọ́n-ùn 60 ni mo kọ sára ọpọ́n àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan gbé e, mo ti ń dúró de "Èló ni jálẹ̀?" Kò béèrè. Ó sanwó, ó ní yóò dára fún kíkó ẹ̀pà síwájú àlejò. Ẹ̀pà! Ní Bàrígà, ẹni tó fẹ́ rà á á kọ́kọ́ jókòó bá mi ta á. Bó bá pa mí, á máa kígbe fún gbogbo ojúde pé òun ni ọ̀ta, òpè ni mí, á sì ní kí n yọ owó kúrò nínú iye rẹ̀ nítorí ìyẹn. Mo ṣàlàyé fún ọkùnrin náà bí wọ́n ṣe ń ta á. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó dúpẹ́, ó gbé àwo ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ní kí n sọ òótọ́, owó tibí ló dára jù lọ́wọ́ mi. Ọdún owó-orí wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin. Bí gbogbo owó tó wọlé láti inú òwò ẹ̀gbẹ́ kò bá ju pọ́n-ùn 1,000 lọ, wọn ò ní kí n kọ nǹkan kan. Gbogbo owó tó wọlé ni o, kì í ṣe èrè; èmi náà kọ́kọ́ ṣì í gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo ta ọpọ́n 22, mo sì forúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá tó pé. Èyí tí mo bá tà lórí Etsy, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yọ ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo mọ ohun tó wọlé, mo mọ ohun tó jáde. Mi ò mọ èyí rí ní Bàrígà.

Kẹ́hìndé ló ń kọ ìwé ọjà fún mi, ó ti pé ọmọ ọdún 11. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó bi mí pé ta ló jẹ wá lówó. Mo ní kò sí, àfi ẹ̀gbọ́n kan ní Èkó. Ó kọ ọ́ sójú ìwé kìíní: Ẹ̀gbọ́n Ladi-Lak, ọpọ́n kan, 2019.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ó kí Ìyá Ìbejì, ó ki oríkì ìbejì, ó gbàdúrà fún Táyé, ó gbà fún Kẹ́hìndé, ó ní òtútù ò ní pa wá. Kẹ́hìndé jókòó tì mí, bírò lọ́wọ́, ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Dádì, wọn ò dárúkọ owó."

Mo ní mo gbọ́.

"Ṣé kí n fagi lé e?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.