Ẹ wo igi tó wà lẹ́yìn igi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lábẹ́ aṣọ dúdú

Bí ẹ bá fẹ́ fi kámẹ́rà ńlá onífíìmù 4×5 (ínǹṣì mẹ́rin sí márùn-ún) ya igi, ẹ má kọ́kọ́ wo igi tó wù yín. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Àwọ̀ ni ojú wa fi ń ya igi kan sọ́tọ̀ lára èkejì: ewé yìí ti ń pọ́n, tọ̀hún ṣì tutù yọ̀yọ̀. Fíìmù dúdú-òun-funfun ò mọ ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ di àwọ̀ eérú. Àwọn àgbà ní igi kan ò lè dágbó ṣe, àmọ́ nínú irú fótò yìí, àfi kó dá a ṣe.

Igbó Epping Forest, lẹ́bàá Loughton nítòsí Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún, ni mo ti kọ́ ọ. Láyé àtijọ́, àwọn ará ibẹ̀ máa ń gé ẹ̀ka igi hornbeam àti beech fi dáná, lókè ibi tí ẹnu ẹran ò tó. Òfin ọdún 1878 fòpin sí i, ni àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn bá ń sanra lọ, tí orí igi kan wá ru ẹ̀ka bàǹtà-banta mẹ́fà, méje. Wọ́n rẹwà, àmọ́ tí wọ́n bá kóra jọ, wọ́n rí bí irun tí wọn ò yà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣọ́ kùrukùru. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ewé ti wọ́ dànù; bí kùrukùru bá bolẹ̀ láàárọ̀, àwọn igi ẹ̀yìn á máa funfun lọ, tiwájú á wá dúdú kedere. Oòrùn ọ̀sán ni kí ẹ sá fún. Ó máa ń ta funfun síbí, ta dúdú sọ́hùn-ún, ojú ò ní ríbi dúró sí.

Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà kalẹ̀, mo máa ń di ojú kan, màá fi èkejì rìn yí igi náà ká. Ojú kan ò mọ ọ̀nà jíjìn, bíi lẹ́ǹsì gẹ́lẹ́. Ẹ sún díẹ̀ sósì, ẹ̀ka tó lẹ̀ mọ́ra á yà. Lábẹ́ aṣọ dúdú tí mo fi ń bo orí mi àti ẹ̀yìn kámẹ́rà, àwòrán á dorí kodò lójú dígí, ọ̀tún á di òsì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí igi tó dorí kodò kì í tètè tan ojú jẹ. (Àwọn tó ń kọjá sì máa ń rò pé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mí.)

Wọ́n á ní kí ẹ dojú lẹ́ǹsì kọlẹ̀ díẹ̀ kí gbogbo nǹkan lè hàn kedere. Ìyẹn dára fún pápá tó tẹ́jú. Igi dúró ṣánṣán ní tiẹ̀, orí rẹ̀ á rí bàìbàì. Ẹ kúkú fún ojú lẹ́ǹsì mọ́ f/32, ìyẹn ihò tó kéré gan-an, bí igi bá sì ga jù, ẹ gbé pátákó lẹ́ǹsì sókè. Ẹ má gbé kámẹ́rà wòkè.

Mítà tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ò mọ̀ pé èèpo igi dúdú, eérú ló fẹ́ sọ ọ́ dà. Mo máa ń wọn ibi tó ṣókùnkùn jù tí mo ṣì fẹ́ rí lára èèpo, màá wá dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìpele méjì (ìpele kọ̀ọ̀kan ń gé e sí ìdajì). Bí àkókò tí lẹ́ǹsì máa fi ṣí sílẹ̀ bá wá bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá 10, ìyẹn ò tó, torí fíìmù máa ń lọ́ra nínú òkùnkùn: ní ìṣirò Ilford tó ń ṣe fíìmù fúnra wọn, fíìmù FP4 Plus á gba bíi 18, HP5 Plus á gba bíi 20. Igi tí kò léwé lè fara da ìyẹn. Igi eléwé ò lè fara dà á, bí atẹ́gùn bá fẹ́ pẹ́nrẹ́n.

Ìmọ́lẹ̀ kùrukùru kì í le, nítorí náà mo máa ń fi bí ìdá kan nínú márùn-ún kún àkókò tí mo fi ń fọ fíìmù, kí dúdú àti funfun lè yàtọ̀ síra dáadáa. Páálí tí ń gbé fíìmù máa ń gba ẹyọ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ ya méjèèjì bákan náà, ẹ fọ ọ̀kan, ẹ gbé e sójú iná wò, kí ẹ tó pinnu iye ìṣẹ́jú tí èkejì máa lò.