Ọdún Ọwọ́ Òsì

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Lọ́dún tó ń lọ yìí, òsì nìkan ni mo fi tẹ dùrù (piano); òun ni mo fi júwe ilé àwọn tó kọ orin: ilé Ravel, ilé Brahms, àti ti Scriabin tó wà lẹ́yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó nà mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kejì. Ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún mi, ìka òrùka, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ká fúnra rẹ̀ lórí dùrù. Àwọn oṣù yòókù? Ẹ má bi mí. Wọ́n kọjá, wọn ò kí mi.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àìsàn náà, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ń ní kí n fi omi gbígbóná jó ọwọ́. Focal dystonia kì í ṣe egbò, kò sì ń dunni. Ọpọlọ ló ń da àwòrán ìka kan pọ̀ mọ́ ti èkejì. Mo lè de bọ́tìnì, mo lè kọ̀wé, mo lè fi ìka náà họ imú. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sídìí dùrù, tí ìka kẹta bá ti tẹ kíì, ìka kẹrin á ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ bí ìgbín tó rí iyọ̀. Bẹ́ẹ̀, agbára nǹkan bíi gíráàmù 50 tó láti tẹ kíì kan, kò sì ń wọlẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ.

Àṣìṣe tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó fi kún wákàtí ìdánrawò. Bí ìka bá ṣe ń ká tí a sì ń tún orin tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń há kíká náà sórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ àìsàn yìí kí n tó rí dókítà. Mo yege.

Ìtọ́jú rẹ̀ ń súni. Metronome, ẹ̀rọ tó ń lu ìwọ̀n àkókò orin, sí lílù 40 níṣẹ́jú kan, nóòtì kan fún lílù kan, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kí ìka tó ká ni kí ẹ dúró, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ká. Fún àwọn kan, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti dókítà máa ń tan ọpọlọ jẹ: awọ kò gbọ́ ohun tó ti mọ́ ọn lára, ìka á sì gbàgbé láti ká. Lára tèmi, ó ṣiṣẹ́ fún skéèlì (nóòtì tó ń tò tẹ̀lé ara wọn) méjì àtààbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọpọlọ mọ̀ pé èmi náà ni.

Ìka 4 àti 5 ọwọ́ ọ̀tún Leon Fleisher, atẹdùrù ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ká ní 1964. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí abẹ́rẹ́ Botox, tó ń dẹ iṣan, tó bá a dá ọwọ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìtàn ìtùnú ni mo kà á sí, títí mo fi ro ọgbọ̀n ọdún pọ̀ mọ́ ọjọ́ orí mi.

Òsì ló kù. Ravel kọ kọnṣẹ́ẹ̀tò ọwọ́ òsì rẹ̀ (orin dùrù pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin) fún Paul Wittgenstein, atẹdùrù tó fi apá ọ̀tún sójú Ogun Àgbáyé Kìíní. Vienna ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lóṣù kìíní 1932. Ní 1877, Brahms gbé Chaconne, orin kan tí Bach kọ fún fáólíìnì, wá sọ́wọ́ òsì lórí dùrù, ó sì fi ránṣẹ́ sí atẹdùrù Clara Schumann, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu lásìkò náà. Ìwé Chaconne tí mo ń lò, ti Màmá ni. Ẹ mọ̀ pé ó ti wà lọ́dọ̀ mi láti oṣù kẹjọ, ẹ sì mọ ìdí. Níbi gbogbo tó bá ti le, Màmá fi pẹ́ńsù kọ 4, nọ́ńbà ìka kẹrin, sí i, nítorí ó gbà pé ọ̀lẹ ni ìka yẹn, àfi ká máa rán an níṣẹ́. Mo fẹ́ fi rọ́bà pa ọ̀kan kí n kọ 3. Mo pa á dé ìdajì. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àga.

Ẹ sún àga sápá ọ̀tún, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Bí ẹ bá jókòó sáàárín bí ìṣe, nígbà tí òsì bá gòkè lọ síbi ohùn tín-ín-rín, èjìká á há, ọrùn ọwọ́ á wọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí pẹ́dà (ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ohùn má bàa tètè kú), nítorí náà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń di ìdí mú. Ọmọńdinrín ló ń tẹ báàsì, àtàǹpàkò ló ń kọrin lókè. Kí ọmọńdinrín tó fò kúrò, pẹ́dà gbọ́dọ̀ ti gba ohùn báàsì. Bí ẹsẹ̀ bá yá jù, á kó ohùn tó ti kọjá mọ́ ọn. Bó bá pẹ́, báàsì ti kú. Etí ni kí ẹ fi ṣe é, ojú kò ríran ibẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ èékánná àtàǹpàkò máa ń là. Súpágúlù, ẹ̀kán kan. Mo mọ bó ṣe ń dún létí.

Olùṣètò kan bi wá bóyá ìdajì owó ni a ó gbà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọwọ́ kan. Àǹtí tó ń rí sí ìwé àdéhùn mi dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ ṣì pé méjì. Ọlọ́run á bá mi dá a sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bọ̀dá tó ń tún dùrù ṣe: wáyà mẹ́ta ló wà fún nóòtì kọ̀ọ̀kan láàárín dùrù, ibẹ̀ sì ni àtàǹpàkò mi ń lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wáyà kan bá yẹ̀ bíńtín, ohùn á máa gbọ̀n. Gbogbo àsìkò ìsinmi ló ń wá fà wọ́n padà, kò sì bi mí léèrè ọwọ́ rí.

Fún ọdún tó ń bọ̀, gbogbo ohun tí mo fọwọ́ sí, òsì nìkan ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 19 oṣù yìí, metronome wà ní 52, ọ̀tún ń tẹ nóòtì márùn-ún lọ bọ̀. Ìka kẹrin tẹ kíì tirẹ̀, kò ká. Mo yára pa dùrù dé kó tó yí ohùn padà.